Ìrora Tó Lóṣòó Ti Bàbá Rẹ̀mí

Nígbà tó wọlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà ní ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, ó ń fà á síwájú kí aṣọ má baà kan ara. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn, kí n tó wo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní ẹ̀ka físíò, níbi tí a ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara tó ń dunni, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n tàbí orúnkún. Bí wọ́n bá ti wọlé, ibi tí wọ́n máa fọwọ́ tì ni wọ́n ń wá. Bàbá yìí ò wá ibi tó máa fọwọ́ tì. Aṣọ ló ń gbé kúrò lára ara rẹ̀, àfi bí ẹni pé inú iná ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ṣòkòtò náà.

Ó ní bí mo bá máa kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, kí n má kọ orúkọ òun. Mo ní kí ni kí n wá máa pè yín, Bàbá? Ó ronú díẹ̀. "Ẹ pè mí ní Bàbá Rẹ̀mí. Mi ò bí Rẹ̀mí kankan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Ó dáa, Bàbá Rẹ̀mí náà ni. Ẹni ọdún 58 ni, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lágbègbè Òkèṣà níbí ní Iléṣà. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò ló mọ̀ ọ́n rán jù. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, torí ó ní òun ò lè fi iṣẹ́ oníṣẹ́ dúró de iná mànàmáná. Ẹ rántí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ yẹn o, ọ̀rọ̀ máa padà kàn án.

Ìpá ló ṣe é. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni ohun kan ti ń yọ lábẹ́ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bó bá wúkọ́, á yọ. Bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Kò dùn ún, kò sì kà á sí. Àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé ìpá lè há, pé bí ìfun bá há síbẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Ìyẹn ló lé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, kì í ṣe ní ìlú yìí, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kú, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí òun. Wọ́n fi àwọ̀n lẹ ojú ihò náà. Ọjọ́ kejì, ó lọ sílé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú abẹ ti jinná.

Ìrora ò lọ.

Oṣù kọkànlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà síbi tí wọ́n ti ṣe é. Ó ní lẹ́ẹ̀kínní wọ́n ní kí òun fara dà á, egbò inú kì í tètè san bí ti òde. Òtítọ́ ni, mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Lẹ́ẹ̀kejì wọ́n tẹ ojú àpá náà, wọ́n ní ó jinná rèǹtè. Lẹ́ẹ̀kẹta ẹnì kan níbẹ̀ ní ó dà bíi pé inú ọkàn ni ìrora yẹn wà. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Dókítà, ẹni ọdún 58 tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ pípa gbà?"

Dókítà kọ́ ni mí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n bó o bá ti wọ aṣọ funfun ní Iléṣà, ẹni tó bá rí ọ ti fún ọ lóyè.

Kí n sọ bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe rí, torí bí aláìsàn ò bá mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀, kò sí bó ṣe máa mọ ohun tó ń bá jà. Ògiri ẹran kan ló gbé ìfun dúró níwájú ikùn. Lára ọkùnrin, ọ̀nà tóóró kan wà nísàlẹ̀ ògiri yẹn, níbi tí ikùn ti pàdé itan, tí okùn tí kóró ẹpọ̀n rọ̀ mọ́ ń gbà kọjá. Bí ọ̀nà náà bá fẹ̀, tàbí tí ògiri náà bá rọ̀, ọ̀rá tàbí ìfun á máa yọjú níbẹ̀. Bassini, oníṣẹ́ abẹ ará Ítálì, ló la ọ̀nà àtirán an sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1880: fa ẹran apá òkè àti ẹran apá ìsàlẹ̀ mọ́ra, rán wọn pọ̀. Títí di òní, irú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa torí kò náni lówó àwọ̀n. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹran tí a fi agbára fà máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wá, rírán náà sì lè tú. Ní àwọn ọdún 1980, Lichtenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles wá gbé ọ̀nà míì jáde: ẹ má fa ẹran, ẹ fi àwọ̀n lẹ̀ ẹ́. Polypropylene ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwọ̀n náà, irú ike tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Ẹran á hù gba ojú àwọ̀n yẹn kọjá, àwọ̀n àti ẹran á di ọ̀kan. Agbára rẹ̀ nìyẹn.

Mo sọ fún un pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ sitéè tí ẹ̀ ń fi sínú kọ́là kó lè dúró? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú yín."

Ó mi orí. Ó ní, "Sitéè tó bá wú nínú kọ́là, ọrùn kọ́sítọ́mà ló máa ń ha."

Mi ò rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Iṣan ìmọ̀lára mẹ́ta ló ń gba sàkáání ibẹ̀ kọjá. Orúkọ wọn lọ́dọ̀ wa ni ilioinguinal, iliohypogastric àti ẹ̀ka kan lára genitofemoral. Wọ́n tín-ín-rín, iṣẹ́ wọn sì ni láti gbé ìròyìn láti awọ ìsàlẹ̀ ikùn, awọ ẹpọ̀n àti inú itan lọ sí ọpọlọ. Ọ̀bẹ lè kàn wọ́n, okùn ìránṣọ lè dì wọ́n mọ́, tàbí kí àpá tó ń hù yí àwọ̀n ká fún wọn. Iṣan tí wọ́n bá fún lọ́rùn á máa ké. Nígbà tí egbò bá sì ti jinná, igbe náà ò ní dá, torí kì í ṣe egbò ló ń ké.

Bí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí kì í sì ṣe pé ìpá padà tàbí pé ibẹ̀ ń gbọgbẹ́, ó ti ní orúkọ tirẹ̀, ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe ohun tí a ó máa sọ pé "ẹ fara dà á" sí mọ́. Kì í sì ṣe ọ̀kan lára ẹgbẹ̀rún. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ìpá káríayé jọ fọwọ́ sí ní 2018 sọ pé nǹkan bí 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrora tó nítumọ̀ ń bá gbé lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe ìpá abẹ́ ikùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dín kù bọ́jọ́ ṣe ń lọ. Èyí tó le débi pé kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́, láti ìdajì ẹnì kan dé ẹni mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá Rẹ̀mí wà nínú àwọn yẹn. Nígbà tí mo ka iye náà fún un, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Nítorí náà, àwọn míì wà."

Ìyàwó rẹ̀ bi mí léyìí tí gbogbo èèyàn ń bi mí: ṣé òótọ́ ni pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni wọ́n fi sínú ọkọ òun? Kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ùgáńdà, ó jáde ní 2016, wọ́n fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ti sè pa kòkòrò ara rẹ̀ wé àwọ̀n olówó ńlá, lẹ́yìn ọdún kan ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan.

Ká padà sọ́rọ̀ bàbá. Ọ̀sán ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe ìrora. Mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 168 lórí 102, ó ti ga jù. Mo ní, Bàbá, oògùn wo lẹ̀ ń lò? Ó kó wọn jáde nínú ọ̀rá dúdú. Diclofenac, oògùn ìrora, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, láti bí oṣù méje, kẹ́míìsì ló ń tà á fún un káàdì-káàdì. Ó ní àgbo wà ńlé. Ó ní tramadol, oògùn ìrora tó le, náà wà, ọmọ kan ládùúgbò ló fún òun, òun lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ojú òun yí, òun fi sílẹ̀. Diclofenac tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ fún oṣù méje lè lu inú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Kò sì ṣe iṣan tó ń ké ní nǹkan kan tó pọ̀. Mo fi ìwé rán an sí dókítà lójọ́ náà gan-an kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín wò. Kíndìnrín rẹ̀ ṣì dáa. Ọlọ́run ló ṣàánú rẹ̀.

Kí n sọ àṣìṣe tèmi náà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí iṣan ẹran ikùn rẹ̀ rọ̀. Mo fún un ní eré ìdárayá ikùn, mo ní kó máa fi ohun gbígbóná lé e. Ìrora tó wà ní méje lórí òṣùwọ̀n mẹ́wàá di mẹ́jọ. Ó tún fi ike omi gbígbóná lé ibi tí ara rẹ̀ ti kú, kò mọ̀ pé ó ń jó, ó sì bó díẹ̀ níbẹ̀. Ó fi hàn mí bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Èmi ló yẹ kó tọrọ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni mo wá ṣe lọ́sẹ̀ kẹta.

Mo ní kó dùbúlẹ̀. Mo mú òwú, mo ń fi í kàn án láti ibi tí kò sí wàhálà lọ síbi tí wàhálà wà, kó sì sọ fún mi ìgbà tí ó bá yí padà. Báírò ni mo fẹ́ fi sàmì sí i. Báírò náà ò kọ̀wé lára rẹ̀, òógùn ń fọ̀ ọ́. Ó na ọwọ́ sí àpò ẹ̀wù rẹ̀ tó wà lórí àga, ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde, ṣọ́ọ̀kì télọ̀ pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta, funfun kan, búlúù kan. "Ẹ lo èyí. Ara aṣọ ni ara."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òwú ti di iná, funfun. Ibi tí kò ti mọ òwú mọ́, búlúù. Nígbà tó yá, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, tirẹ̀ ò gbọ̀n. Ó gbé orí sókè, ó ń to àmì náà pọ̀ bí ẹni ń gé aṣọ, ó ń lọ láti ẹ̀gbẹ́ egungun ìbàdí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ gba ojú àpá, ó yà sí ìdí ẹpọ̀n, ó gba inú itan padà. Nígbà tó parí, ó wò ó. "Ọrùn bùbá ni," ló wí. Lóòótọ́, ó jọ ọrùn bùbá tí wọ́n gé wíwọ́. Àyíká búlúù kékeré kan wà láàárín rẹ̀, níbi tí ike omi gbígbóná ti jó o.

Mo fi ìka gbá nǹkan bí ìbú ìka méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó fò. Ó ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì sáré láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹpọ̀n òun. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá tí a fi ń mọ̀ bóyá iṣan ìmọ̀lára ni ìrora ti wá. Bí ó bá pé mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Tirẹ̀ pé mẹ́fà: ó ń jó, iná ń gbé e, ó ń gún bí abẹ́rẹ́, ibì kan kú, kò mọ òwú níbẹ̀, aṣọ tó bá fẹ́ ẹ lára sì ń dùn ún. Mo tẹ́ bébà bíráùn tí òun fúnra rẹ̀ ń lò fún pátánì lé àwòrán ṣọ́ọ̀kì náà lórí, mo fà á jáde. Mo kọ déètì sí i.

Ṣẹ́ ẹ rí i, láàárín oṣù mọ́kànlá, ìgbà yẹn ni ẹnì kan kọ́kọ́ mọ ibi tí ìrora yẹn bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Kò tíì san rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun ṣe òṣómàáló, ó ń ru aṣọ kiri àwọn ìlú tó jìnnà, á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi bó bá gbowó rẹ̀. "Ìrora yìí ló lóṣòó tì mí bẹ́ẹ̀. Èmi tí ń jẹ ọmọ òṣómàáló, tí mi ò lè lóṣòó fúnra mi mọ́."

Bàbá Rẹ̀mí àti ìyàwó rẹ̀ jọ wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi ọkùnrin tó bá ní irú ìrora yìí, ọ̀pọ̀ wa sì ń sá fún un torí a kéré lójú wọn. Mo bi í: nígbà tí ẹ̀yin àti màmá bá jọ wà, ṣé ó ń dùn yín? Ó wo fáànù. Fáànù ò yí, kò síná. Ó pẹ́ kó tó sọ pé nígbà tí ó bá fẹ́ parí ni, bí ẹni da ata gígún sí i nínú. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń sùn ní pálọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Oṣù méje, Bàbá Rẹ̀mí. Oṣù méje ni mo fi rò pé ẹ ti rí ẹlòmíì."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ báyìí." Ó na ọwọ́, ó yọ fọ́nrán òwú kan kúrò ní èjìká ọkọ rẹ̀, ó wé e mọ́ ìka, ó ń wé e, ó ń wé e. Mo ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan níta, mo jáde, mi ò ní nǹkan tí mò ń wò. Okùn tí kóró rọ̀ mọ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n náà gan-an ni, kì í ṣe àṣírí, ó wà nínú ìwé. Ohun tó ya tọkọtaya yìí sọ́tọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn.

Oníṣẹ́ abẹ tí mo fi í ránṣẹ́ sí kọ́kọ́ rí i dájú pé ìpá ò padà. Ó ní kó wúkọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún. Kò padà. Wọ́n wá gún un lábẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí, oògùn tí ń mú iṣan kú, pẹ̀lú steroid díẹ̀, oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, ó dìde, ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ dé ihò tí kò dé láti ọdún tó kọjá. Ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó sì ṣe ohun kan tó mú nọ́ọ̀sì sáré bọ̀: ó lóṣòó. Láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú fìlà lórí, ó lóṣòó bí ẹni tó wá gbowó aṣọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oògùn náà tán, ìrora padà. Mo ti sọ fún un pé ó máa padà. Ohun tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wà fún jùlọ ni kí ó jẹ́rìí, kí a mọ̀ pé iṣan yẹn lọ̀daràn. Ṣùgbọ́n kò padà tán. Ó wà ní márùn-ún. Wọ́n tún un gún lẹ́yìn oṣù kan.

Wọ́n fún un ní amitriptyline míligíráàmù 10 lálẹ́, wọ́n gbé e dé 25 nígbà tó yá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó ka orúkọ oògùn náà lórí Google, ó pè mí, inú rẹ̀ ò dùn. "Mà, ṣé oògùn ìdààmú ọpọlọ lẹ ń fún bàbá mi? Ṣé ẹ̀yin náà rò pé inú orí ni?" Mi ò bínú sí i, ọmọ tó ń ṣọ́ bàbá rẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé iye tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju èyí lọ dáadáa, pé ní ìwọ̀nba kékeré, ó ń mú ohùn iṣan ìmọ̀lára wálẹ̀. Mo sì sọ àléébù rẹ̀ fún un, torí ẹni tó bá fi pamọ́ ló ń fa ìjà. Ẹnu á máa gbẹ, oorun á máa kunni láàárọ̀, ìgbẹ́ lè le, ọkùnrin tó bá sì ti dàgbà lè máa dúró pẹ́ kó tó tọ̀. Ẹnu Bàbá Rẹ̀mí gbẹ lóòótọ́, ìgò omi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì, ó sùn láti aago mẹ́wàá di ìgbà tí wọ́n pe ìrun. Ó ní òun rò pé òun ti kú.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti aṣọ. Awọ tó bá ti ń ka òwú sí iná, a ní láti kọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀ pé òwú ni òwú. Nínú ìwé tiwa, wọ́n ní kí a lo fọ́ọ̀mù, kànrìnkàn, búrọ́ọ̀ṣì. Mo ń wá kànrìnkàn ni mo bojú wo ẹni tó wà níwájú mi. Mo ní, Bàbá, aṣọ wo ló rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù yín?

Ọjọ́ kejì, ó kó èékù aṣọ márùn-ún wá, ó ti tò wọ́n fúnra rẹ̀: sátíìnì, àrán, ànkárá tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀sì, òfì. Iṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó máa fi sátíìnì pa á láti ẹ̀yìn ìlà ṣọ́ọ̀kì wọnú, kó máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ikùn. Bí kò bá gbóná mọ́, kó bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rò pé oògùn ìbílẹ̀ ni ọ̀gá ń ṣe lẹ́yìn kọ́tìnnì. Sátíìnì gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin. Àrán, ọ̀sẹ̀ kan. Ànkárá náà kọjá. Lẹ́ẹ̀sì dí ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó ní ojú ihò lẹ́ẹ̀sì ń kọ́ òun lára bí ẹ̀gún. Òfì ò tíì kọjá di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì fi dandan mú un. Ta ló ń fi òfì ṣe pátá?

Ní ti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ wò ó. Àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrú, orúnkún rẹ̀ ga ju ìbàdí lọ bó bá jókòó, ìyẹn ni pé ikùn àti itan ń tẹ àpá náà láàárín ara wọn ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ pẹ́dálì. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. A fi pákó méjì gbé àpótí náà ga. Ẹsẹ̀ òsì ló wá ń lo agbára jù. Ogún ìṣẹ́jú ní ìjókòó, lẹ́yìn náà kó dìde lọ gé aṣọ lórí tábìlì, aago fóònù ọmọṣẹ́ ló ń dún, ọmọ náà á sì pariwo, "Ọ̀gá, ó tó!" Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ kọ ìyẹn. Ọ̀gá kì í fẹ́ kí ọmọṣẹ́ máa sọ pé ó tó. Ó fi ọ̀kadà sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀ lọ sí ọjà Àtàkúmọ̀sà báyìí, ó ní gọ́tà àti gọ́lọ́pọ̀ ni ọ̀kadà ń kà fún òun lábẹ́ ikùn.

Ṣòkòtò, mi ò kọ́ ọ, òun ló kọ́ mi. Ó rán ṣòkòtò olókùn fún ara rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì mẹ́ta, ó sì ga dé ìdodo kó má baà jókòó lórí àpá. Ó gbé ojú rírán kúrò níwájú lápá ọ̀tún, ó sì tẹ́ sátíìnì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lóde, ẹ ò lè mọ̀. Ó ní ọdún kan àbọ̀ lòun ti ń fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú, òun télọ̀, kò wá sọ́kàn òun pé òun lè tún un rán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti iṣẹ́ abẹ kejì náà, torí ó béèrè. Wọ́n lè ṣí ibẹ̀ padà, kí wọ́n gé iṣan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n yọ àwọ̀n bó bá pọn dandan. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ tí wọ́n yàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ á kú títí láé, ìpá lè padà, kóró lè sọnù bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gé, ó sì yẹ kó jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ léraléra. Oníṣẹ́ abẹ ní kí a lo ọdún kan lórí ìtọ́jú yìí ná. Bàbá Rẹ̀mí ní òun fara mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ò fara mọ́ ọn pátápátá, ó ní bí ó bá jẹ́ tòun, wọ́n á yọ ọ́ dànù lọ́la. Mi ò bá a jiyàn. Kì í ṣe ara mi.

Oṣù keje la wà yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 134 lórí 84, diclofenac ti kúrò nínú ọ̀rá dúdú. Ìrora wà ní mẹ́ta lọ́jọ́ tó dáa. Nígbà ọdún Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà tí aṣọ kún ilẹ̀, tó fi aago ọmọṣẹ́ sílẹ̀, ó gòkè dé mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, ó pè mí láago márùn-ún ìdájí. Ó tún wálẹ̀. Ó ti kúrò ní pálọ̀. Èyí tí màmá fi sọ fún mi ni pé ó kó ẹní pálọ̀ fún ọmọṣẹ́ kan.

A tún ṣọ́ọ̀kì sí i lára lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun ló dá yà á, mo kàn mú òwú lọ́wọ́. Ọrùn bùbá ti di ojú àpò kékeré kan, ìbú ìka mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹpọ̀n. Mo fi bébà tuntun sórí ti àkọ́kọ́ kó rí i. Ó ní kí n fún òun ní ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo padà kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo rí i lórí ìṣó lára ògiri, láàárín pátánì àwọn kọ́sítọ́mà, tí orúkọ oníkálukú wà lára tiwọn. Kò kọ orúkọ sí tirẹ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù ń bi í pé, "Ọ̀gá, aṣọ ta lèyí? Ó ti pẹ́ níbẹ̀."

Ó ń tẹ pẹ́dálì, kò gbójú sókè. "Ti òṣómàáló kan ni. Ó ti dìde nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lọ."